Ta Ló Fọwọ́ Kan Omi Wa?

Onífòyà ènìyàn ni mí, mi ò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí èmi àti Káyọ̀dé, ọmọ mi kan ṣoṣo, kọ́kọ́ dé Hyattsville ní Amẹ́ríkà, ńṣe ni mo ń se omi ẹ̀rọ kí a tó mu ún. Ọmọ á lọ sí ilé ìwé, á rí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń gbé ẹnu sí omi tó ń tú jáde lára ògiri, á wá délé wá bi mí pé kí ló dé tí omi tiwa fi máa ń gbóná. Mo ní kó dákẹ́. Ní Ìbàdàn tí mo ti wá, ẹni tó bá mu omi tí kò mọ orísun rẹ̀, ikùn rẹ̀ ni yóò fi jíhìn.

Ó pẹ́ kí n tó gbà pé ẹnì kan wà níbì kan tó ń ṣọ́ omi náà fún wa. Ẹ̀rín máa ń pa mí tí mo bá rántí, nítorí pé èmi fúnra mi ni mo padà di ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣọ́ ọ.

Olùkọ́ ìṣirò ni mí nílé. Nígbà tí mo dé ibí, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ìṣirò. Mo tọ́jú arúgbó, mo dúró nídìí káúńtà, mo wọ bọ́ọ̀sì títí ẹsẹ̀ mi fi wú. Iṣẹ́ kọ́ ló dùn mí jù, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni. Mo lè ti ibi iṣẹ́ dé ilé láìsí ẹnìkan tó máa sọ pé, "Ẹ kú iṣẹ́." Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí ara mi nínú kíṣìnnì: "Ẹ kú iṣẹ́, mà." Màá sì dáhùn pé, "O ṣeun, ọmọ mi." Káyọ̀dé rò pé orí mi ti ń yí.

Bọ̀ọ̀dá Fẹ́mi ló yọ mí. Ará ìjọ wa ni, ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tí àwa ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí. Ẹnjiníà ni nílé iṣẹ́ omi. Òun ló ń bójú tó àwọn ẹ̀rọ tó ń po kẹ́míkà tó ń pa kòkòrò mọ́ omi. Mitchellville ni òun àti ìyàwó rẹ̀, Sísítà Bùkọ́lá, ń gbé, nínú ilé ńlá tó jẹ́ pé fóònù lèèyàn fi ń pe ẹni tó wà lókè wá jẹun. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, ó máa ń kó àwa mélòó kan jọ sínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, á máa kọ́ wa ní iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́. "Ìyá Káyọ̀dé," ó bi mí lọ́jọ́ kan, "ẹni tó mọ ìṣirò tó báyìí, kí lẹ ń wá nídìí káúńtà?" Òun ló kọ́ Káyọ̀dé ní mọ́tò wíwà. Nígbà tí àyè ṣí níbi iṣẹ́ rẹ̀, òun ló dárúkọ mi fún wọn. Ọjọ́ tí wọ́n gbà mí, mo jó nínú yàrá, mo sì pe màmá mi nílé.

"Irú iṣẹ́ wo ni?"

"Màámi, èmi ni màá máa wo ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde nínú kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ omi wọn."

"Mégáàdì?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀, mà."

"Yunifásítì tí mo fi gbogbo agbára mi rán ọ lọ, mégáàdì lo fi ṣe?" Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ó ń dúpẹ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé ọmọ òun ni mégáàdì omi Amẹ́ríkà.

A kó lọ sí Springdale. Káyọ̀dé parí ilé ìwé girama, ó ní iṣẹ́ ológun ojú omi ló wu òun. Mo sunkún, mo bú u, mo gbààwẹ̀. Ó jókòó tì mí, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Mọ́mì, it's my country too." Òótọ́ ni. Èmi wá síbí ni, òun dàgbà síbí. Èmi tí mo ní ilé méjì, tí mi ò sì fìdí kalẹ̀ dáadáa nínú èyíkéyìí, ọmọ mi ní ọ̀kan péré, ó sì ti múra tán láti kú fún un. Inú bí mi sí i, mo sì tún jowú rẹ̀.

Ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi í sí ń rìn nítòsí orílẹ̀-èdè kan tí òun àti Amẹ́ríkà kì í rẹ́rìn-ín síra wọn. Mi ò ní dárúkọ orílẹ̀-èdè náà. Mo ti rí ohun tí dídárúkọ ń dá sílẹ̀. Ẹ ṣáà mọ̀ pé àwọn méjèèjì ló ní bọ́ǹbù átọ́míìkì, irú èyí tí ẹyọ kan rẹ̀ ń pa odindi ìlú rẹ́.

Bí mo bá sọ pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, àwọn ènìyàn máa ń rò pé ìjókòó lásán ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń já mi láyà níbẹ̀. Olè tó wọlé wá jí nǹkan, amí tó wọlé wá tẹ́tí, àti ọmọ ogun tó wọlé wá ba ilé jẹ́, ipasẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń fi sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá rí ipasẹ̀ náà ò lè mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó rìn ín. Bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà kan náà ni àwọn orílẹ̀-èdè ńlá wọ̀nyí fi ń ṣọ́ ojú ọ̀run, kó lè ta wọ́n lólobó bí bọ́ǹbù bá ń bọ̀. Tí ojú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá ṣú lójijì, ṣé ó kàn bàjẹ́ ni, àbí ẹnìkan ló kọ́kọ́ fọ́ ọ lójú kó tó gbá wọn? Ẹni tó bá rò pé wọ́n fẹ́ fọ́ òun lójú kì í dúró béèrè, á fẹ́ kọ́kọ́ lù. Ẹnìkejì mọ̀ pé yóò fẹ́ kọ́kọ́ lù, òun náà á fẹ́ ṣáájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ lórí bọ́tìnnì kékeré á wá di ohun tí ẹnikẹ́ni ò ní lè dá dúró mọ́. Mo máa ń ro eléyìí tí mo bá ń fọ abọ́, tí mo bá ń wa mọ́tò, àti nígbà tí wàásù bá ń lọ lọ́wọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, iye kẹ́míkà tó yẹ kó máa wọ inú omi wa fò sókè lójijì. Ọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ rí i, ó fọwọ́ yí i padà kíá. Ẹ̀kán kan ò dé ilé ẹnikẹ́ni. Àmọ́ nígbà tí a yẹ kọ̀ǹpútà wò, ẹni tó yí i sókè wọlé pẹ̀lú orúkọ bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò rántí pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Ibi tó sì ti wọlé wá jìnnà gan-an: ìlú kan tó jẹ́ kòríkòsùn orílẹ̀-èdè tí mi ò fẹ́ dárúkọ yẹn ni.

Àsìkò náà burú. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, kọ̀ǹpútà ti dákú ní èbúté kan, iná ti kú níbòmíràn, tẹlifíṣàn sì ń pariwo pé àwọn ọ̀tá ló ń ṣe é, pé ó tó gẹ́ẹ́. Àwọn aṣòfin ń sọ pé kí wọ́n gbẹ̀san. Miss Denise, ọ̀gá mi, ọmọ bíbí àgbègbè wa, obìnrin jẹ́jẹ́ tí kì í gbóhùn sókè, pe gbogbo wa jọ.

Ó ní, "Àwọn ìjọba ń kó gbogbo ẹ̀ jọ lókè lọ́hùn-ún. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá tiwa wà lára ẹ̀. Orúkọ ni wọ́n ń fẹ́, wọ́n sì fẹ́ ẹ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé." Ó yíjú sí mi. "Ìwọ ni kó o kọ ìjábọ̀ náà."

Bọ̀ọ̀dá Fẹ́mi ò sí níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ kú ní Ìbàdàn, òun àti ìyàwó rẹ̀ ti lọ sìnkú. Èmi tí mi ò lè lọ, mo ti bẹ màmá mi pé kó bá mi yọjú síbẹ̀, kó ṣojú fún mi, torí olóore mi ni.

Lọ́jọ́ kejì, fóònù mi dún lọ́sàn-án, mo rí i pé Káyọ̀dé ni.

"Mọ́mì, I can't talk long. We're moving."

"Ibo lẹ ń lọ?"

"You know I can't say that."

"Ó dáa. Ṣé o ń jẹun?"

"Yes, ma. Mọ́mì, ẹ gbàdúrà fún mi, ẹ jọ̀ọ́."

Ọmọ tí mo máa ń fi ẹgba lé lọ síbi àdúrà! Kò tíì sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún mi rí láyé rẹ̀. Kí n tó dáhùn, fóònù ti já. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ìjábọ̀ tí èmi fúnra mi máa kọ wà lára ohun tí wọ́n máa fi pinnu bóyá ọmọ mi á jagun.

Mo pe Miss Denise. Mo ní kó yọ mí kúrò nídìí iṣẹ́ náà, pé ọmọ mi wà lórí omi lọ́hùn-ún, pé ojú mi ò lè ríran tààrà.

Ó ní, "Tí mo bá yọ gbogbo ẹni tó lọ́mọ kúrò, èmi náà máa kúrò. Ohun tó o rí ni kó o kọ."

Ohun tí mo rí! Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ó wù mí kó má ṣe jẹ́ àwọn ènìyàn yẹn. Ó wù mí débi pé mi ò gba ara mi gbọ́ mọ́. Gbogbo ohun tó bá fẹ́ dá wọn láre, mo ń bi ara mi pé, ṣé òótọ́ nìyí, àbí ìyá Káyọ̀dé ló ń sọ̀rọ̀?

Mo wá ṣe ohun tí a máa ń ṣe nílé. Tí wọ́n bá mú iná lọ, kéèyàn tó bú ẹnikẹ́ni, ó máa ń kọ́kọ́ yọjú sí aládùúgbò: "Ṣé wọ́n mú tiyín náà?" Tí gbogbo àdúgbò bá ṣókùnkùn, ọ̀rọ̀ ìjọba ni. Tó bá jẹ́ tiwa nìkan, inú ilé wa la ó ti wá a. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ẹgbẹ́ wa nílé iṣẹ́ omi tó yí wa ká, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé ẹ rí irú èyí? Wọ́n ní rárá. Ẹ lọ wò ó dáadáa. Wọ́n lọ, wọ́n padà dé, wọ́n ní rárá. Tiwa nìkan ni. Mo sọ fún Miss Denise, ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn ò tíì tó ẹ̀rí. Òótọ́ ló sọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí mo ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, màmá mi pè.

"Mo ṣojú ẹ dáadáa lọ́jọ́ Ẹtì o. Iwájú ni wọ́n fi mí sí. Àmọ́ Fẹ́mi yẹn, ìlú òyìnbó ti bà á jẹ́."

"Kí ló ṣe, Màámi?"

"Wọ́n ń gbé pósí bàbá ẹ̀ bọ̀, wọn ò rí i. Mo ní kí n wá a lọ. Inú mọ́tò ló wà, kọ̀ǹpútà lórí itan! Mo kan gíláàsì, mo ní, 'Fẹ́mi, bàbá ẹ ni wọ́n ń sin o.' Ó ní, 'Màmá, ẹ má bínú, omi Amẹ́ríkà ni. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí ò jẹ́ kó wọlé.' Ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń ṣépè fún un."

"Ìgbà wo nìyẹn, mà?"

"Ọ̀sán ni. Oòrùn ti mú. Kí ló dé?"

Ọ̀sán wọn nílé ni àárọ̀ wa níbí. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn gan-an ni kẹ́míkà omi wa fò sókè.

"Hẹ́lò? Ọmọ mi, ṣé o ń gbọ́ mi?"

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo wa mọ́tò lọ sí Mitchellville. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti pápá ọkọ̀ òfuurufú dé ni, àpótí wọn ṣì wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Fẹ́mi ṣílẹ̀kùn, ó rí ojú mi, ó sì mọ̀. Kò jẹ́ kí n parí ìkíni.

"Ìyá Káyọ̀dé, ẹ jókòó. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ omi wa nínú rédíò mọ́tò bí a ṣe ń bọ̀."

Ó sọ gbogbo ẹ̀. Àwọn ẹbí ti sún ìsìnkú síwájú, ìsinmi tí wọ́n fún un níbi iṣẹ́ sì ti tán. Ó sọ fún wọn pé òun á máa ti ilé ṣiṣẹ́, kò sọ ilé èwo. Orúkọ tirẹ̀ ò lè wọlé láti òkè òkun, wọ́n ti dí i. Bàbá tó fẹ̀yìn tì yẹn ti fún un ní password rẹ̀ nígbà kan tí ara rẹ̀ ò yá, pé kó bá òun ṣiṣẹ́. Ìyẹn ló lò. Ó wá fi VPN, ètò tó ń jẹ́ kó dà bíi pé ìlú mìíràn lèèyàn wà, bo ibi tó wà.

"VPN wo, Bọ̀ọ̀dá?"

"Ọ̀fẹ́ yẹn, èyí tó wà lórí fóònù. Ìlú tó wù ú ló gbé mi gbà, mi ò mọ̀ rárá." Ó fọwọ́ bojú. "Mo ní kó fi díẹ̀ kún kẹ́míkà, kò lọ. Mo tún tẹ̀ ẹ́, mo tún tẹ̀ ẹ́. Àṣé gbogbo ẹ̀ ń tò tẹ̀lé ara wọn. Ìgbà tó máa wọlé, ó wọlé lẹ́ẹ̀kan náà."

Mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo rò pé ayọ̀ ni, torí mo ti rí i pé kì í ṣe ogun. Ìsìnkú ni, àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ìbàdàn.

"Ẹ bá mi lọ sọ́dọ̀ Miss Denise lọ́la," mo sọ fún un. "Ẹ ṣàlàyé fún un bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́."

Ó mi orí. "Wọ́n á lé mi. Wọ́n lè mú mi pàápàá, federal ni. Ìyá Káyọ̀dé, àwọn people orílẹ̀-èdè yẹn ń wọlé síbi gbogbo, everyday. Ẹ̀yin náà mọ̀. Tí eléyìí bá wà lára tiwọn, kí ló bàjẹ́? Ta ló máa mọ̀?"

"Káyọ̀dé wà lórí omi."

Ó sorí kọ́. "Mo mọ̀," ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Sísítà Bùkọ́lá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì láti ìgbà yẹn. Kò bínú. "Ẹ jọ̀ọ́, mà," ó ní, "ṣé ẹ ò gbàgbé ẹni tó mú yín débẹ̀?"

"Mi ò gbàgbé, Sísítà."

Ká ní mo lè gbàgbé ni, ọ̀rọ̀ ì bá rọrùn fún mi. Mo dìde. Mo ní, "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá gbọ́ tẹnu yín. Bọ̀ọ̀dá, mo bẹ̀ yín, ẹ fẹsẹ̀ ara yín wá. Tí ẹ ò bá wá, màá sọ ọ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo jókòó sínú mọ́tò níbi tí a ń gbé mọ́tò sí níbi iṣẹ́, mo ń wo ẹnu géètì. Gbogbo mọ́tò dúdú tó bá yọ, mo máa ń sọ pé Bọ̀ọ̀dá Fẹ́mi rè é, ṣùgbọ́n òun kọ́. Miss Denise fi fóònù pè mí pé àwọn ará ìjọba ti wà lórí ìlà, wọ́n ń dúró. Mo wọlé. Mo ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀. Orúkọ ni wọ́n ń fẹ́, mo sì dárúkọ fún wọn: orúkọ ẹni tó fi iṣẹ́ sí mi lọ́wọ́, tó kọ́ ọmọ mi ní mọ́tò.

Nígbà tí wọ́n pè é, kò jiyàn. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Lọ́yà ń bá a sọ èyí tó kù, a ò tíì mọ ibi tó máa já sí. Wọ́n yọ ọ̀rọ̀ omi tiwa kúrò nínú ẹ̀sùn tí wọ́n ń kó jọ. Tẹlifíṣàn ò sọ èyí. Èbúté àti iná ni wọ́n ṣì ń pariwo lé lórí, mi ò sì mọ òótọ́ tó wà nídìí àwọn yẹn, bóyá ẹnìkan wà níbẹ̀ tó lọ béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò tàbí kò sí.

Nígbà tó yá, Káyọ̀dé pè. "Mọ́mì, we turned around."

"Kí ló fà á?"

"They don't tell us why." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí kò tíì sùn. Mi ò sọ nǹkan kan fún un nípa ohun tí mo ṣe. Mi ò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ mi wà lára ohun tó dá wọn padà, mi ò sì rò pé màá mọ̀ láéláé. Àwọn ọ̀tá gidi ṣì ń rìn kiri nínú kọ̀ǹpútà wa, àwa náà sì ń rìn kiri nínú tiwọn. Lọ́jọ́ mìíràn, ó lè má sí màmá ẹnìkan tó máa rí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú mọ́tò.

Màmá mi gan-an ò tíì dárí ji ara rẹ̀. Ó ń sọ ọ́ ṣáá pé, "Mo lọ ṣojú ọmọ mi níbi ìsìnkú, ni mo bá fi ẹnu mi ba ti olóore ẹ̀ jẹ́." Mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n jẹ́ kí òun sinmi.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń kí mi, ṣùgbọ́n ìkíni náà ti gbẹ. Mo gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ lẹ́yìn mi pé àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò ọmọ ìyá. Ó dùn mí wọra. Inú ìjọ yìí nìkan ni mo ti ń gbọ́ "ẹ kú iṣẹ́" ní gbogbo orílẹ̀-èdè yìí. Mo rò ó pé kí n wá ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn lọ, mi ò lè lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí ìsìn ṣe parí, mo rí Sísítà Bùkọ́lá nítòsí mọ́tò rẹ̀. Òun nìkan ló wá. Bọ̀ọ̀dá ti dáwọ́ wíwá dúró. Mo fẹ́ yà gba ọ̀nà mìíràn, ó pè mí.

"Ìyá Káyọ̀dé. Ọmọ ńkọ́?"

"Ó wà dáadáa, mà. Wọ́n ti yí padà."

Ó dijú. "Lálẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ wá sílé wa yẹn," ó ní, "mo kúnlẹ̀. Mo gbàdúrà kí Ọlọ́run pa yín lẹ́nu mọ́. Mo tún gbàdúrà kó dá Káyọ̀dé padà fún yín." Ó la ojú, ó wò mí. "Mi ò mọ̀ pé ọ̀kan ṣoṣo nínú méjèèjì ló máa lè gbà."

Ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó tilẹ̀kùn jẹ́jẹ́, ó sì lọ. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mi lọ́wọ́.